Àtòjọ Ìyá Òkúta Tí Kò Jáde

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ń sọ ọ́ ní yàrá tíì pé mo pa àtòjọ ìwé Dókítà Eluned Prosser rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, nítorí pé ó bú mi lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Irọ́ ni. Ó bú mi, òótọ́ — ó ní orí mi le bí ọ̀pá irin, torí mo kọ̀ láti kọ orúkọ òǹkọ̀wé kan sílẹ̀ láìtíì fi ojú ara mi rí ìwé náà. Oṣù Kẹfà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì a jọ jẹ bisikíìtì. Mi ò pa ohunkóhun rẹ́.

Ohun tí mo ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbé e jáde.

Kí n kọ ọ́ síbí kó má bàa yí padà lẹ́nu mi. Àtòjọ ìwé kíkà niṣẹ́ mi ní ilé ìkàwé yunifásítì yìí. Olùkọ́ á fi orúkọ àwọn ìwé tí kíláàsì rẹ̀ máa kà ránṣẹ́. Èmi á wá wọn rí, èmi á kó orúkọ wọn sínú Àpótí — bí mo ṣe ń pe ẹ̀rọ náà nìyẹn — màá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Kòṣeémánìí, tàbí Ó Dára Kí Wọ́n Kà Á, tàbí Bí Àyè Bá Wà. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnì kan ló kù: Gbé Jáde. Bí o kò bá tíì tẹ bọ́tìnì yẹn, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé àtòjọ wà. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, ni Àpótí ń tì fún ọdún tuntun.

Ìyá Òkúta kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. (Èmi nìkan ni mo ń pe Dókítà Prosser bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yìí nìkan. Ìtàn àwọn tó ń wa síléètì, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, lórí àwọn òkè wa ló ń kọ́ àwọn ọmọ, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.) Ẹ̀yìn káàdì Kérésìmesì àtijọ́ ló ń kọ àtòjọ tirẹ̀ sí. Ìwé méjìdínlógójì lọ́dún yìí. Mo rí mẹ́tàdínlógójì. Èyí tó kẹ́yìn: "ìwé pupa kékeré, ahéré tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán." Kò sí òǹkọ̀wé. Kò sí ọdún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá a. Èmi kì í sì í gbé àtòjọ tó lábùkù jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa, àwa mẹ́rìnlá péré, bí ìdáhùn kan bá sọnù, odindi ojú ewé ni tíṣà máa dá padà fún ẹ. Ó ti wọ̀ mí lára.

Mo ní màá bi í. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ta ló máa lọ bá ẹni tí egungun rẹ̀ kán lórí bẹ́ẹ̀dì, kó máa bi í ní ìwé pupa? Mo dúró. Aago márùn-ún ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n lù.

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lónìí: Nerys ọ̀gá mi, Ifor tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìwé, Mirain tó wà ní tábìlì iwájú, àti Mam, ìyá mi, ní abúlé. Mẹ́rin.

Ẹtì, 10 Oṣù Kẹjọ

Nerys ní òun ò lè ṣí Àpótí lẹ́yìn tó ti tì. Àfi kí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i. Olórí ẹ̀ka ni Ẹlẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n Marchant lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín kì í kúrò lójú rẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó pè mí ní Gareth. Mo ní Gethin ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní èmi ni mo ṣàṣìṣe, kì í ṣe Dókítà Prosser. Kí ó jọ̀ọ́ bá wa ṣí Àpótí fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní lójú ìlànà, ẹ̀kọ́ tí kò ní àtòjọ ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ kò múra sílẹ̀. Mo ní ó múra sílẹ̀, ọwọ́ mi ni ìmúra náà wà. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá péré ló forúkọ sílẹ̀. Mo ní mọ́kànlá kì í ṣe òfo. Ó ní olùkọ́ wọn ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó sì wà ní ọsibítù, àbí èmi ni màá kọ́ wọn? Mo ní bí wọ́n bá gbé e gun òkè lórí àga, yóò kọ́ wọn.

"Olóòótọ́ ọmọ ni ẹ́," ló wí. "Inú mi dùn sí i gan-an."

Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló tó yé mi pé kò sọ pé rárá. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìpàdé wà lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n máa ti pinnu — lórí ẹ̀kọ́ náà, àti lórí èmi pẹ̀lú.

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹjọ

Ó tún kù. Mo ti gbàgbé pé oṣù Kẹjọ la máa ń kó ìwé dànù.

Òfin rẹ̀ rọrùn. Ìwé tí kò sí lórí àtòjọ ọdún tuntun kankan, tí ẹnikẹ́ni kò sì yá láti ọdún mẹ́wàá, á gba lébẹ́lì pupa lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wá kó o. Wọ́n á lọ̀ ọ́ di bébà tuntun.

Àwọn ìwé Ìyá Òkúta, yàtọ̀ sí mẹ́rin tí olùkọ́ mìíràn náà ń lò, kò sí lórí àtòjọ kankan. Èmi ni mo fà á. A kò sì yá wọn rí. Kì í jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ sílé! Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní àjà kẹta, níbi tábìlì gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, gbogbo wọn á jókòó yí i ká, ẹnì kan á máa kà sókè, àwọn yòókù á máa gbọ́, lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ síléètì ṣe máa ń ṣe nínú ahéré wọn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn, ló ní. Bí kíláàsì bá parí, wọ́n á dá ìwé padà sórí àtẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń ka àwọn ìwé yìí títí ẹ̀yìn wọn fi bó, lójú Àpótí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú mẹ́tàdínlógójì ló ní lébẹ́lì pupa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹjọ

Mo gun òkè lọ ṣáájú aago mẹ́sàn-án, mo ṣí gbogbo lébẹ́lì náà kúrò. Nerys pàdé mi lórí àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Gethin, kí ló wà nínú àpò ẹ?"

Mo ní, "Lébẹ́lì ni mà."

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Ó ṣeun tó o ò purọ́. Lọ lẹ̀ wọ́n padà."

Mo ní mi ò lẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí. Ó na ọwọ́, mo kó wọn fún un — kí ni mo tún lè ṣe? — ó sì lọ lẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀, ní ìdúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò bínú, ó kàn ń yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ní gbogbo ìgbà. Mo dúró tì í. Ó ní, "Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni? Tí mo bá fi ti Eluned sílẹ̀, àwọn olùkọ́ èdè Gíríìkì á dé, àwọn onímọ̀ kòkòrò á dé. Kí ni n ó wí fún wọn?" Ó ní òun ní láti kọ orúkọ mi ránṣẹ́ sókè. Ó kọ ọ́.

Ifor sọ fún mi lọ́sàn-án pé ẹnu Mirain ni ìròyìn pé mo pa àtòjọ rẹ́ ti jáde. "Kò ní ohun búburú kan lọ́kàn sí ẹ," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ni ò lè gbé mì."

Ó ku méjì.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo pe Mam. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo jẹ̀bi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé o ti sọ fún obìnrin náà?" Mo ní rárá. "Kí lo wá ń pè mí fún? Èmi ni egungun mi kán ni?" Ó ní àwọn àgùntàn ti dé ẹnu géètì, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹjọ

Ọsibítù. Mo ra búrẹ́dì èso àjàrà gbígbẹ lọ fún un, èyí tó ki tó bí òkúta, torí irú rẹ̀ ló fẹ́ràn. Ó ti rù. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rù rárá.

"Wọlé, ọmọ mi, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí. Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn? Èmi, ọ̀dùnkún funfun ni láàárọ̀, ọ̀dùnkún funfun ni lálẹ́. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan ni."

Mo lọ pẹ̀lú ìpinnu pé màá sọ ọ́. Ẹnu mi kì í bò. Gbogbo abúlé wa ló mọ̀ ọ́n. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Àtòjọ mi ti jáde?"

Mo ní, "Ó wà nínú Àpótí."

Òótọ́ ni. Ó mi orí. Òótọ́ ni, mi ò sì tíì purọ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wá bi í nípa ìwé pupa, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí n lè sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Ìyẹn? Ìwé kọ́! Ìwé àkọsílẹ̀ bàbá mi ni. Ẹni tó kàwé fún wọn nínú ahéré lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n jà lé lórí, gbogbo rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Inú dùrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Mo kọ ọ́ sórí àtòjọ kí n má bàa gbàgbé láti mú un wá kíláàsì ni. O ò wá a kiri, àbí?"

Mo ní rárá.

Ó ní kí ló ṣe ojú mi. Mo ní ebi ni. Ó gé búrẹ́dì tí mo rà fún un, ó fún mi jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹjọ

Ọkọ̀ dé. Ifor ló ń ti kẹ̀kẹ́ jáde. Mo jókòó lórí páálí tí àwọn ìwé náà wà nínú rẹ̀. Mi ò ní ète kankan. Mo kàn jókòó ni.

Awakọ̀ ní, "Ọ̀rẹ́, ibi mẹ́ta ló kù tí mo gbọ́dọ̀ dé kí n tó jẹun."

Mo ní kó lọ jẹun.

Ó wo Ifor. Ifor yọ fìlà, ó họ orí. "Ọmọ abúlé, dìde. Bó ò bá dìde, èmi ni wọ́n máa ní kí n gbé ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi yìí ò sì lè gbé ẹ, ìdí ẹ ti pọ̀ jù." Ó ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a ṣe é. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Mú èyí tó o bá fẹ́. Ojú òsì mi ò ríran dáadáa."

Kí ni n ó fi ṣe? Ilé mi kì í ṣe àjà kẹta. Kò sí tábìlì gígùn níbẹ̀. Mo dìde nítorí ẹ̀yìn Ifor. Ó ti páálí mẹ́ta sínú ọkọ̀, kò wò mí mọ́. Ní ọ̀sán ó jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù, kì í ṣe pẹ̀lú mi.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹjọ

Mi ò ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi mọ́. Kí ni wọn ì bá ṣe? Olúkúlùkù ní kẹ̀kẹ́ tó ń tì.

Bí Ẹlẹ́rìn-ín bá fọwọ́ sí i lónìí, tí Àpótí sì ṣí, àtòjọ máa jáde — àtòjọ ìwé mẹ́tàdínlógójì, mẹ́rin ló wà lórí àtẹ.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹjọ

Àtòjọ mẹ́fà ni mo ṣe lónìí. Olùkọ́ ìmọ̀ ọjà kan kọ Kòṣeémánìí sára gbogbo ìwé márùndínláàádọ́rin tó fi ránṣẹ́. Mo kọ̀wé sí i pé bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kòṣeémánìí, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ. Nerys ní kí n fi "jọ̀ọ́" kún un. Mo fi kún un.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹjọ

Ọlidé. Òjò.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ ọ́. Mi ò jókòó. Mo dúró ní ìpẹ̀kun bẹ́ẹ̀dì Ìyá Òkúta, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdánu dúró — bọ́tìnì, ìwé pupa, lébẹ́lì, ọkọ̀, bí mo ṣe ní "ó wà nínú Àpótí" lọ́jọ́ yẹn. Mo ń retí kó pariwo. Mo fẹ́ kó pariwo. Ó ti bú mi nítorí ohun tí kò tó ìdá mẹ́wàá èyí.

Kò pariwo. Ó ní, "Èwo ló kù?"

Mo dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń di ojú rẹ̀, ó ń là á, bí ẹni tó ń ka orí ọmọ lẹ́yìn iná.

Ó ní, "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?"

Mo ní wọn ò tíì sọ fún wọn.

"Àtòjọ mélòó lo ti ṣe lẹ́ẹ̀rùn yìí?"

Mo ní igba ó lé mẹ́rìnlá.

"Èmi nìkan ló jìn sí kòtò náà." Kò dà bí ìbéèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo ní nítorí pé tirẹ̀ ni mo fẹ́ kó pé jù lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ojú tì mí.

Ó bi mí ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ mi. Mo ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Marchant. Ó bi mí ọjọ́ tó jẹ́. Mo ní Ẹtì, aago mẹ́wàá. Ó ní kí n gbé awò ojú òun wá, kí n gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Máa lọ sílé, ọmọ mi. O dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Ẹtì, 31 Oṣù Kẹjọ

Ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Ẹlẹ́rìn-ín, obìnrin kan láti ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, Nerys. Tíì wà. Ẹnikẹ́ni kò mu ún.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi. Mo kọ ọ́ sí orí káàdì kí n má bàa sọ ohun tó ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí àyè fún un. Ẹlẹ́rìn-ín ní ìwé kan ti dé láti ọsibítù láàárọ̀, ó sì kà á jáde. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Nerys lẹ́yìn náà, mo dà á kọ:

"Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àtòjọ ìwé mi kò jáde nítorí pé n kò fi ránṣẹ́. Láti oṣù Kẹfà ni mo ti pinnu pé ẹ̀kọ́ mi ti tó, n kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Gethin ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi léraléra. Mo ń fi òní dónìí, ọ̀la dọ́la dá a lóhùn. Bí ó bá ti sọ ohun mìíràn fún yín, inú rere ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ẹ̀kọ́ náà dé. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. E. Prosser."

Mo ní, "Irọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú rẹ̀ láìní ẹ̀rín. Ojú àgbàlagbà tó ti rẹ̀ ni.

"Ṣé o ń sọ fún ìgbìmọ̀ yìí pé Dókítà Prosser kọ irọ́, ó sì fọwọ́ sí i? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, Gethin. A máa ní láti pè é wá síbí kó wá dáhùn."

Ó pe orúkọ mi tọ́. Mo wo Nerys. Nerys ń wo tíì. Mo ro ti ìbàdí tí wọ́n fi irin dè, tí wọ́n á gbé wá sórí àga, síwájú àwọn mẹ́ta yìí, nítorí pé mo fẹ́ sọ òótọ́.

Obìnrin tó ń kọ̀wé gbé bírò sókè. "Kí ni kí n kọ?"

Mo ní, "Ẹ kọ pé n kò ní ọ̀rọ̀."

Ó kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀kọ́ náà dé, wọ́n máa pín àwọn ọmọ mọ́kànlá náà sí kíláàsì mìíràn. Iṣẹ́ mi wà bó ṣe wà. Nerys bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n sinmi títí di Ọjọ́ Ajé.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ ọsibítù. Wọ́n ti gbé e jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, kúbùsù lórí orúnkún.

Ó ní, "Ṣé wọ́n gbà á?"

Mo ní, "Wọ́n gbà á."

"Wọn ò béèrè nǹkan kan?"

"Wọ́n béèrè. Mo dákẹ́."

"Ìwọ?" Ó wò mí. "Ó ti le tó bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kọ ohun tí wọn ò rí ẹ̀rí rẹ̀. Mi ò kọ ọ́ rí fúnra mi, àfi ìwé yìí. Ó rọrùn. Kò tó ìdajì wákàtí."

Mo la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Bó o bá dúpẹ́, màá pe nọ́ọ̀sì kó lé ẹ jáde."

Mi ò dúpẹ́. Mi ò sì tọrọ àforíjì; ibi tí mo ti lè tọrọ rẹ̀ ti kọjá. Mo fa àga, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ ojú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, mo sì ń wo ilẹ̀ kí ó má bàa jẹ́ pé mo rí i.

Nígbà tí àkókò àbẹ̀wò parí, nọ́ọ̀sì dé. Ó bi wá bóyá ọmọ rẹ̀ ni mí, torí ọmọ nìkan ló lè dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì kò dá a lóhùn. Ó dúró díẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn pa dé, ó fi wá sílẹ̀.